Mercaptopurine: Oògùn Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ àti Egbò Ìfun, àti Bí A Ṣe Lè Lò Ó Láìséwu

  

Ọ̀rọ̀ ìfowópamọ́, ẹ̀yáwó àti èrè ọdún ló máa ń gba ojú ìwé wa yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera lọrọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò lè dáwó, òbí tó sì gbé ọmọ sí ọsibítù kò lè fọkàn sí ọjà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí oògùn kan tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ṣùgbọ́n tí àwọn kan nínú wa ti ń yáwó rà: mercaptopurine. Àwọn tí wọ́n ń lò ó fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ wà, àwọn tí wọ́n ń lò ó fún egbò ìfun sì wà pẹ̀lú.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi lórí rẹ̀ jọra. Kí ló dé tí ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá ṣì ń lo oògùn? Kí ló dé tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́? Ṣé a lè fi àgbo kún un? Bí ibà bá ń ṣe é ńkọ́? A ó dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi èyí lélẹ̀: ohun tí a kọ síhìn-ín kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn. A kọ ọ́ kí ẹ lè lóye ohun tí dókítà bá sọ ni, kí ẹ sì lè mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi í.

ÀWỌN ÀRÙN TÍ OÒGÙN NÁÀ Ń BÁ JÀ

Mùdùnmúdùn inú egungun ni ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, àti àwọn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá farapa. Bí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò gbó á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìdáwọ́ dúró, bí èpò inú oko tí kò jẹ́ kí iṣu ta. Wọn kò lè ṣiṣẹ́, wọn kò sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó lè ṣiṣẹ́. Aláìsàn á funfun lójú, ibà á máa ṣe é lọ́ṣẹ́ṣẹ́, erìgì rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀, egungun á sì máa dùn ún. Irú èyí tó ń yára gbilẹ̀, tó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé, ni mercaptopurine wúlò fún jù lọ.

Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń kọ́kọ́ pè é ní ibà tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ lásán. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa fura sí ará ilé. Àrùn yìí kì í ràn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà òbí.

Àrùn kejì jẹ́ ti ìfun. Nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀. Ìfun á wú, á sì dá egbò. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí; òun ni wọ́n ń pè ní àrùn Crohn, tí a fi orúkọ dókítà Burrill Crohn pè. Dókítà náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York ní ọdún 1932. Èkejì kì í kọjá ìfun ńlá. Ìgbẹ́ gbuuru tó ń bá ẹ̀jẹ̀ àti ikun jáde fún oṣù mélòó kan, inú rírun, àti rírù ni àmì wọn. Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àrùn yìí. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ léraléra, kó lọ ṣe àyẹ̀wò kó tó máa da oògùn kíkorò mu.

Ẹ jẹ́ kí á fi kún un pé oògùn kan wà tó ń jẹ́ azathioprine, tí àwọn dókítà máa ń fún àwọn aláìsàn ìfun àti àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Bó bá dé inú ara, mercaptopurine ló ń yí padà dà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìkìlọ̀ tí ẹ ó kà níhìn-ín kan ẹni tó ń lo azathioprine pẹ̀lú.

BÍ OÒGÙN NÁÀ ṢE DÉLÉ AYÉ

Obìnrin kan ló ṣe é, òun àti ọ̀gá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Gertrude Elion. New York ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1918. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, jẹjẹrẹ ikùn pa bàbá rẹ̀ àgbà, èyí ló sì mú un pinnu láti kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò lè fi bá àrùn náà jà. Ó gba oyè, ṣùgbọ́n nítorí pé obìnrin ni, ó ṣòro fún un láti rí iṣẹ́ ní ilé ìwádìí. Ó tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ wíwo bí oúnjẹ ọjà ṣe dára sí fún ilé iṣẹ́ kan. Ní ọdún 1944 ni George Hitchings gbà á síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oògùn Burroughs Wellcome. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ló bí mercaptopurine, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1953.

Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ yìí bá mú kì í sábà lò ju oṣù díẹ̀ lọ láyé. Oògùn tuntun náà mú kí ara ọ̀pọ̀ ọmọ yá, ṣùgbọ́n àrùn náà tún ń padà. Ìgbà tí àwọn dókítà wá kọ́ láti pa á pọ̀ mọ́ àwọn oògùn mìíràn, tí wọ́n sì ń lò wọ́n fún ọdún púpọ̀, ni ìwòsàn gidi dé. Elion àti Hitchings gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988, àwọn àti James Black. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka mercaptopurine mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan. Àjọ náà sì sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó ju ọmọ 80 lọ nínú 100 tó ń rí ìwòsàn jẹjẹrẹ; ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò lówó, kò tó 30. Pípẹ́ kí wọ́n tó mọ àrùn náà, àìrówó ra oògùn, àti dídá ìtọ́jú dúró lójú ọ̀nà wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọwọ́ àwa fúnra wa lè ká.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ á tètè lóye èyí. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì, ó ní láti ṣe ẹ̀dà ìwé àṣẹ tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń sọ bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú ohun èlò tó fi ń ṣe é ni píúrínì. Mercaptopurine jọ píúrínì pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ńṣe ló dà bí irúgbìn àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀: bí a bá wò ó, ó dára, bí a bá gbìn ín, kò ní hù. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ á kó ayédèrú yìí mọ́ tòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á dàrú, á sì kú. Ó tún ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti ṣe píúrínì tirẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń pọ̀ kíákíá, nítorí náà oògùn yìí ń bá a. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ba ìfun jà náà ń pọ̀ kíákíá, ó sì ń bá òun pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rere inú mùdùnmúdùn egungun náà ń pọ̀ kíákíá. Oògùn náà kò mọ ìyàtọ̀ ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Bó bá kéré jù, àrùn á gbérí. Bó bá pọ̀ jù, ara kò ní ní ọlọ́dẹ tí yóò ṣọ́ ọ mọ́. Àárín méjèèjì ni dókítà ń wá, kò sì lè rí i láìwo ẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe ìwọ̀n kan náà ló bá gbogbo ènìyàn mu. Ara ní ohun kan tó ń sọ oògùn yìí di aláìlágbára lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́. TPMT ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn aláwọ̀ funfun, nǹkan bí ẹni 10 nínú 100 ni tiwọn kéré sí ti ẹlòmíràn, nǹkan bí ẹni 1 nínú 300 ni kò sì ní in rárá. Bí a bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní iye tí a ń fún ẹlòmíràn, oògùn á pọ̀ jọ sínú ara rẹ̀, mùdùnmúdùn rẹ̀ á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìdá kan nínú mẹ́wàá lè tó fún un. Àyẹ̀wò wà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá a lè ṣe é. Níbi tí kò bá sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ ni ààbò tó kù. Ìdí tún nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ ní èyí tó ṣẹ́kù lára oògùn tirẹ̀, bó ti wù kí àìsàn wọn jọra tó.

KÍ LÓ DÉ TÍ ẸNI TÓ TI YÁ ṢÌ Ń LÒ Ó?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ìtọ́jú líle ní ọsibítù, wọ́n lè wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ kí wọ́n má rí jẹjẹrẹ níbẹ̀ mọ́. Ọmọ á sanra, irun rẹ̀ á hù padà, á sì padà sílé ìwé. Òbí á wo owó tó ń ná, á sì ní, "Ọlọ́run ti ṣe é, ó tó." Kò tíì tó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ṣẹ́kù lè kéré débi pé ojú ẹ̀rọ kò rí wọn, bí gbòǹgbò bẹẹrẹ tó kù sínú ilẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ṣán oko. Òjò kan péré ló ń dúró dè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo hóró yìí lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n lo oògùn náà dín ní ìdá 95 nínú 100 ni àrùn náà tún padà bá jù. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó ẹgbẹ́: bí ọjọ́ tí ọmọ kò lo oògùn bá ju ọ̀kan lọ nínú ogún ọjọ́, ewu ti wọlé. Bí àrùn náà bá sì padà, ìwòsàn rẹ̀ a máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ a sì máa pọ̀ jù.

Ti aláìsàn ìfun yàtọ̀ díẹ̀. Oògùn náà kì í yára ṣiṣẹ́ lára tirẹ̀. Ó lè gba oṣù méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mọ ìrọ̀rùn. Ọ̀pọ̀ a máa pa á tì ní oṣù kìíní, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ ní sùúrù, kí ẹ sì máa lo oògùn mìíràn tí dókítà bá fi tì í lẹ́yìn.

ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀JẸ̀ NI ÌWÉ OWÓ ARA

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọ́n tí yóò máa gba owó lẹ́nu ìṣura rẹ̀ láìwo ìwé owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Ó ń sọ iye sẹ́ẹ̀lì tó kù fún ara láti ná. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Bí ìwọ̀n oògùn bá ti dúró, àlàfo àárín rẹ̀ lè gùn sí i, bí dókítà bá ṣe pinnu. Wọ́n á tún máa wo ẹ̀dọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti wálẹ̀ gan-an kí ara tó fi hàn, nítorí náà ẹ má ṣe fo àyẹ̀wò nítorí pé ara le. Ẹ gba èsì rẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ sì máa mú ìwé náà dání lọ sí ọsibítù yòówù tí ẹ bá ń lọ.

ÒFIN LÍLÒ RẸ̀

1. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ mú àkókò tí kò ní bọ́ sórí yín, bí àkókò ìsùn.

2. Ẹ má ṣe fi mílíìkì tàbí wàrà gbé e mì, nítorí ohun kan wà nínú wàrà tó ń ba oògùn náà jẹ́. Bí ọmọ bá mu tíì onímílíìkì tàbí ògì tí a bu mílíìkì sí, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí méjì kó tó lo oògùn. Bó bá lo oògùn tán, kó tó wákàtí kan kó tó mu mílíìkì. Omi lásán ló dára jù.

3. Bí ẹ bá gbàgbé ti òní, ẹ má ṣe lo méjì lọ́la. Ẹ lo ti ọ̀la lásìkò rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Bí ọmọ bá bì í, ẹ pe ọsibítù kí ẹ tó fún un ní òmíràn.

4. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní 6-mercaptopurine tàbí 6-MP. Nọ́ńbà 6 yẹn jẹ́ ara orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ kẹ́místrì. Kì í ṣe pé kí á lo hóró mẹ́fà. Àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, tí aláìsàn lo ìlọ́po mẹ́fà ohun tó yẹ kó lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye hóró náà ní ọ̀rọ̀: "ààbọ̀ hóró", "hóró kan", "hóró kan ààbọ̀".

5. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń lo oògùn kejì tó ń jẹ́ methotrexate. Ojoojúmọ́ ni mercaptopurine. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni methotrexate. Bí ẹ bá gbé èyí sípò ìyẹn, ó lè pa ọmọ. Ẹ fi wọ́n sínú agolo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ "OJOOJÚMỌ́" sára ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ń lo èkejì sára rẹ̀, bí i "ỌJỌ́ ẸTÌ NÌKAN".

6. Mílígíráàmù 50 ni hóró tó wọ́pọ̀. Olómi tún wà, tí mílílítà kan rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 20. Ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì fi ohun ìwọ̀n tí wọ́n fún yín wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Bí wọ́n bá yí hóró padà sí olómi fún yín, ẹ jẹ́ kí dókítà tún ìwọ̀n rẹ̀ wò.

7. Ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá ti ń tóbi sí i ni ìwọ̀n oògùn rẹ̀ ń yí padà. Ìwé oògùn ọdún tó kọjá kò tó rà oògùn ti ọdún yìí.

8. Ọwọ́ ilé oògùn ọsibítù tàbí ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri inú ọkọ̀.

ÀWỌN OÒGÙN TÍ KÒ YẸ KÓ BÁ A PÀDÉ

Èyí tó léwu jù ni allopurinol, tí wọ́n ń lò fún gáòtù, irú làkúrègbé tó máa ń mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wú. Elion àti Hitchings kan náà ló ṣe é. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe níbẹ̀rẹ̀ ni pé kó dí ara lọ́wọ́ láti ba mercaptopurine jẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn títí dòní. Bí ẹni tó ń lo mercaptopurine bá lo allopurinol láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tó lo ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin oògùn rẹ̀. Bí dókítà bá fẹ́ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, á dín mercaptopurine kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta. Febuxostat, tí wọ́n tún ń lò fún gáòtù, kò yẹ kó bá a pàdé rárá.

Septrin tí gbogbo wa mọ̀ lè fi kún bí mùdùnmúdùn ṣe ń rẹ̀. Dókítà lè dìídì fún ọmọ ní Septrin láti dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun ló fún un, ẹ máa lò ó. Ohun tí a ń kọ̀ ni kí á lọ rà á fúnra wa nítorí ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Warfarin, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má dì, agbára rẹ̀ lè dín kù. Sulfasalazine àti mesalazine tí àwọn aláìsàn ìfun ń lò lè mú kí mercaptopurine pọ̀ sí i nínú ara. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì, kó má ṣe lo aspirin tàbí ibuprofen, kó má sì gba abẹ́rẹ́ nídìí lọ́dọ̀ kẹ́míìsì.

Àgbo ńkọ́? A kò kórìíra ìmọ̀ àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí mercaptopurine, ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí àgbo. Bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́, dókítà kò ní mọ èyí tó bà á jẹ́, á sì ní láti dá oògùn jẹjẹrẹ dúró. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àgbo dúró ná. Bí ẹnikẹ́ni bá ti mu ún, kó sọ. Bí ènìyàn bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

ÀMÌ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DI Ọ̀LA

Ibà ni olórí wọn. Nílé wa, bí ara ọmọ bá gbóná, oògùn ibà la ó kọ́kọ́ rà, a ó sì wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó ń lo mercaptopurine kò ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ bá ti kéré, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ lè pa á láàárín ọjọ́ kan. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Ọsibítù ni wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Kí gbogbo ilé tí irú aláìsàn yìí wà ra òṣùwọ̀n ibà. Bó bá ti dé 38, ẹ gbéra, ìbáà ṣe òru.

Àwọn àmì yòókù nìyí: ẹ̀jẹ̀ láti imú tàbí erìgì tí kò dá, tàbí àmì pupa wẹ́wẹ́ àti ojú ara dídúdú láìjẹ́ pé ó ṣubú, àárẹ̀ tó pọ̀ àti èémí tó ń le, egbò ẹnu tí kò jẹ́ kó lè jẹun, ojú tó di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ tó dúdú bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí, tàbí ara yíyún gbogbo, inú rírun líle lókè ìdodo tó ń gún dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú èébì. Èyí tó kẹ́yìn lè jẹ́ àmì pé pánkíríà ń wú, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú àwọn aláìsàn ìfun. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹni tó bá ń lò ó fún ọdún púpọ̀, kó máa dé fìlà tàbí kó borí nínú oòrùn, pàápàá àfín, nítorí jẹjẹrẹ awọ ara lè wáyé. Oògùn náà tún lè fa jẹjẹrẹ omi ara fún ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláìsàn ìfun tí wọ́n ń lò ó pọ̀ mọ́ àwọn oògùn líle mìíràn. Kódì tó bá hù sí ọrùn tàbí abíyá, tí kò lọ, ẹ fi han dókítà.

ÀJẸSÁRA, OYÚN, ÀTI ÀWỌN ARÁ ILÉ

Àjẹsára kan wà tó jẹ́ pé kòkòrò tó ṣì wà láàyè, tí a ti sọ di ọ̀lẹ, ló wà nínú rẹ̀: ti ibà pọ́njú, ti èéyi, ti ikọ́ fée, àti ti rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu. Ẹni tó ń lo mercaptopurine kò gbọdọ̀ gbà wọ́n àyàfi bí dókítà rẹ̀ bá ní kó gbà á. Bí àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ bá wọlé, ẹ sọ fún wọn pé aláìsàn yìí wà nílé, kí wọ́n lè sọ ohun tó yẹ fún àwọn ọmọ yòókù. Bí ó bá pàdé ẹni tó ní èéyi, ẹ tètè lọ sí ọsibítù, kódà bí ara rẹ̀ bá le.

Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún, tàbí tó lóyún, tàbí tó ń fún ọmọ lọ́yàn, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Ọkùnrin tó ń lò ó tó sì fẹ́ bímọ, òun náà kó sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe lọ hóró náà tàbí kí ẹ gún un nínú ilé. Bí ẹ bá ní láti dá a sí méjì, kí aláboyún má ṣe é. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ gbé e sí ibi tó gbẹ, tí oòrùn kò dé, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì tó. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà fún ọsibítù. Ẹ má ṣe dà á sínú gọ́tà tàbí sórí ààtàn.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun mẹ́rin ni a fi ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa gbogbo.

Èkíní, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá béèrè ẹ̀yáwó nítorí irú àìsàn yìí, ẹ má ṣe ṣírò rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, tí yóò ná an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ ṣírò owó oògùn, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti owó ọkọ̀ fún gbogbo ọdún ìtọ́jú. Ẹ̀yáwó ńlá tó tán ní oṣù kẹfà kò wúlò tó ìwọ̀nba owó tó ń wọlé lóṣooṣù títí ìtọ́jú fi parí.

Èkejì, ibà kì í dúró de ìpàdé. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní owó pàjáwìrì díẹ̀ tí alága, akọ̀wé àti akápò lè fọwọ́ sí lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n tó wá ròyìn rẹ̀ fún ìpàdé. Wákàtí tí òbí fi ń wá onídùúró ni ọmọ fi ń kú.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fagi lé ẹ̀yáwó nítorí pé wọ́n rí ọmọ náà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. A ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lókè. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an ni oògùn náà ń ṣọ́.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ àìsàn jẹ́ àṣírí. Kí ìgbìmọ̀ má ṣe dárúkọ aláìsàn nínú ìpàdé gbogbogbò bí kò bá gbà wọ́n láyè.

Ẹ tún wádìí nípa ètò adójútòfò ìlera ní ìpínlẹ̀ yín. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, ẹgbẹ́ sì lè ran àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè dáadáa nípa ohun tí ètò náà ń san àti ohun tí kò san kí ẹ tó gbọ́kàn lé e.

Ní àkótán, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun márùn-ún: ojoojúmọ́ láìfo ọjọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásìkò, ibà 38, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kò sí oògùn mìíràn láìsọ fún dókítà, a kì í sì í dá a dúró títí dókítà á fi ní ó tó. Ẹ ka ojú ìwé yìí sétí àwọn tí kò mọ̀wé kà nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri ibi ìpàdé.

Ọlọ́run á wo àwọn aláìsàn wa sàn, a kò sì ní fi owó àjẹṣẹ́kù wa sin ọmọ o. Ire o.